Ó Kù Ẹyọ Kan

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, bí wọ́n bá dárúkọ Ojú Ẹlẹ́gbà, orin Wizkid ọdún 2014 ló máa ń wá sí yín lọ́kàn, tàbí àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pariwo "Yábàá! Ọbáléndé!" Ẹnì kankan kì í dárúkọ tẹ́níìsì. Bẹ́ẹ̀ béèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti oríta yẹn dé National Stadium, níbi tí wọ́n ti ṣe Ìdíje Gbogbo Áfíríkà lọ́dún 1973, á bá àwọn ọmọ tó ń gbá a níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn. Màmá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó sì ti búra pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ni ọmọ òun máa kọ́, òun ò ra okùn rákẹ́ẹ̀tì mọ́.

Àkókò ìdíje Oníkan ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí. Ìdíje yẹn kì í ṣe eré ọmọdé o. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lagos Lawn Tennis Club. Governor's Cup ni wọ́n ń pè é kó tó di Lagos Open. Àwọn obìnrin máa ń ti òkè òkun wá, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún, 25,000 dọ́là ni gbogbo wọn ń pín lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú màmá òun wá wòran, kí n máa túmọ̀ fún wọn. Ṣebí Yorùbá ni mò ń kọ́.

Òfo ò le. Ẹni tí kò tíì jẹ nǹkan kan, òfo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. (Bí òyìnbó ṣe wá ń pe òfo ní ìfẹ́, ẹ má bi mí.) Ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, kò sí wàhálà. Orí ogójì ni Màmá ti dá mi dúró.

"Kí ló dé tí kì í ṣe márùndínláàádọ́ta? Ta ló jí márùn-ún?"

Ẹni tó ń ṣírò owó búrẹ́dì láti ìdájí, ẹ ò lè fi ìṣirò tàn án. Nígbà tí àwọn méjèèjì di ogójì, mo ní ọ̀mì ni, bíi ti ayò. Ìyẹn yé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan lẹ́yìn ọ̀mì ńkọ́? Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri nínú orí mi, Màmá ti sọ ọ́: "Ó kù ẹyọ kan." Láti ìgbà yẹn, àwọn ló ń túmọ̀ fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi fìdí rẹmi. Ìpele àwọn tó ṣì ń wá àyè ló ti gbá, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi níbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màmá ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ owó.

"Èló ni ẹni tó bá borí pátápátá máa kó lọ?"

Mo ní kò tó 4,000 dọ́là.

"Òyìnbó tó na ọmọ mi yìí, ta ló san owó ọkọ̀ òfurufú rẹ̀?"

Mo ní ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi owó ara wọn wọkọ̀.

"Gbèsè lòun náà ń jẹ nìyẹn?"

Mo wá sọ ti Billie Jean King fún wọn. Lọ́dún 1970, òun àti obìnrin mẹ́jọ tọwọ́ bọ̀wé ní Houston fún dọ́là kan péré, nítorí pé owó ọkùnrin pọ̀ ju tiwọn lọ jìnnà. Ọdún 2007 ni Wimbledon tó san iye kan náà fún tọkùnrin tobìnrin.

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì," ni Màmá wí, kí n tó mí kanlẹ̀.

Nínú dánfó, wọn ò bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Costain. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi í pé èló ni okùn rákẹ́ẹ̀tì báyìí. Ó sọ iye tó jẹ́. Màmá ní ó ti wọ́n jù. Wọn ò ní àwọn máa rà á, wọn ò sì dárúkọ aṣọ rírán títí a fi sọ̀.