Èéfín Tí Kì Í Fara Hàn

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá bo ìwà rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò rú jáde bí èéfín ti í rú jáde láti inú ilé ìdáná, gbogbo ayé yóò sì rí i. Òtítọ́ ni òwe yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín bí mo ti ṣe mọ̀ pé èéfín kan wà tí kì í fara hàn.

Ní ọdún 2012, a ń gbé ní ilé kan ní Ìkòtún, ní Alímọ̀ṣọ́. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú ilé náà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín wọn. Èmi àti aya mi ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ìyá arúgbó kan ni ó wà ní yàrá tí ó kọjú sí tiwa. Lóòótọ́, láti ọdún 1896 ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí a tó fojú kàn án. Nítorí náà ni mo ṣe fi owó àjọ ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, irú èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní "I better pass my neighbour", èyíinì ni pé, mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí yàrá àwọn ẹlòmíràn bá ṣókùnkùn, fáànù a máa fẹ́ ní yàrá tiwa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀hìnkùlé ni ẹ̀rọ náà máa ń wà, ṣùgbọ́n àwọn olè ti gbé ti ará ilé kejì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Ẹ̀rù òjò àti ẹ̀rù olè dà pọ̀ lọ́kàn mi. Mo gbé ẹ̀rọ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ ihò èéfín rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀hìn, mo ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ díẹ̀, mo sì wí lọ́kàn mi pé èéfín yóò gba ibẹ̀ jáde. A sì sùn.

Ohùn ìyá arúgbó ni mo gbọ́ lójú oorun. "Bàbá ìbejì! Bàbá ìbejì o! Dìde, pa ẹ̀rọ yìí! Orí ń fọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́!" Ó ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Mo gbìyànjú láti dìde, ó dà bí ẹni pé wọ́n di òkúta mọ́ mi lórí. Aya mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Táyé sọkún nígbà tí a gbé e, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kò dáhùn. Àwọn ará ilé jí, wọ́n ràn wá lọ́wọ́, gbogbo wa sì jáde sínú òjò. Ọ̀kan nínú wọn tí í wa dánfó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí Kẹ́hìndé nímú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó la ojú, ó sì béèrè omi.

Dókítà ni ó là mí lóye. Èéfín tí a ń rí, tí ó ń ta wá lójú, kọ́ ni ó fẹ́ pa wá. Nínú èéfín ẹ̀rọ ni atẹ́gùn kan wà tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí a bá fà á símú, yóò gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nítorí agbára tí ó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Claude Bernard, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1857. Nígbà tí ó yá, John Scott Haldane gba àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ẹyẹ kékeré wọ inú ihò, nítorí ẹyẹ yóò ṣubú kí ènìyàn tó mọ̀ pé ewu wà. Àwa kò ní ẹyẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá arúgbó tí mo rò pé mo sàn jù lọ ni ó ṣubú, òun ni ó sì jí wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn. Ìta gbangba ni ààyè ẹ̀rọ amúnáwá. Kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré jù, sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ìbáà ṣe tiwa tàbí ti aládùúgbò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìdáná kì í ṣe ìta. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ kò sì tó. Kí a pa á kí a tó sùn. Kí a má ṣe bu epo sí i nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ṣì gbóná, kí a má sì tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo sí yàrá. Kí a má ṣe fi wáyà olórí méjì ti iná rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri, nítorí iná náà lè gba ojú wáyà jáde lọ pa òṣìṣẹ́ tí ń tún iná ṣe lórí òpó. Kí a jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi change-over sí i. Bí orí bá sì ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, kí a má ṣe pè é ní ibà. Kí gbogbo wọn kọ́kọ́ jáde síta.

Ẹnìkan lè wí pé àgbàlá òun ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí àyè kò bá sí rárá, òkùnkùn sàn ju ikú lọ. Ní tiwa, gbogbo ayálégbé dá owó jọ. A fi páànù bo igun ọgbà tí ó jìnnà jù lọ, a kò mọ ògiri yí i ká, a fi ṣéènì àti àgádágodo de ẹ̀rọ mọ́ irin níbẹ̀, a sì fohùn ṣọ̀kan pé bí agogo mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, kí olúkúlùkù pa tirẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni a tún fi bá ìyá arúgbó náà gbé. Ní alaalẹ́ ni ó ń ké sí mi láti yàrá rẹ̀ pé, "Bàbá ìbejì, ṣé o ti pa á?" Èmi a sì dáhùn pé, "Mo ti pa á, ìyá." Nígbà náà ni òun yóò tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.