Lọ́yà Gba Énúgù Lọ Wá Pọ́ìntì, Ìyá Aláàdìrẹ Kẹ́mta Ní Kí Ló Kan Òun Níbẹ̀

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá aláàdìrẹ kan ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta. Ìyá yìí ti lé l'ẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ìtòkú ló ti ń tajà, ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Kẹ́mta ló sì ti ń pa aró. L'ọ́jọ́ kan, l'ópin oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń yẹ fóònù wò, ló bá pariwo pé, "Màmá, ẹ wá wo Lọ́yà yín o!"

Ìyá gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Lóòótọ́ ni. Lọ́yà rèé nínú súùtù dúdú, ó fi káàdì kọ́ ọrùn, ó gbé báàgì tuntun dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ Énúgù gàdàgbà sára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Lọ́yà gba ₦50,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi tún ìwé ẹjọ́ ṣe kí kóòtù tó ti ìsinmi dé. "Àṣé owó mọ́tò Énúgù ni!" Ẹnu ìyá ló ti jáde bẹ́ẹ̀ o.

Ká tó dá ìyá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ní 2024, obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà kó kànpáálà àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó tó ₦740,000. Ó fi ₦200,000 ránṣẹ́ sí i ní báńkì, ó ku ₦540,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'ọ́jà, ẹ mọ bó ṣe ń rí: oníbàárà ọlọ́dún mẹ́fà, ta ló ń kọ rìsíìtì fún un? Orí WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ wà. "Màmá, ẹ fún mi l'ọ́sẹ̀ méjì sí i." "Màmá, ọmọ mi ń ṣàìsàn." Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí ìyá pè é l'ẹ́jọ́, ó ní aṣọ ₦200,000 péré l'òun gbà, òun sì ti san án tán. Ẹ rí i pé ayé le!

Kóòtù májísíréètì ni ẹjọ́ náà wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Lọ́yà ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp náà jáde sórí ìwé, ó sì gbé e síwájú adájọ́. Ojú ìyá ti ń dán, ó rò pé ó parí. Àfi bí lọ́yà kejì ṣe dìde, ọmọ kékeré kan báyìí. Ó ní òun ò gbà, ó ní kí wọ́n wo abala 84.

Abala 84 yìí wà nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011. Ohun tó ń sọ kò le: ìwé yòówù tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde (fóònù sì wà níbẹ̀) gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí kan tí yóò tẹ̀lé e. Ìwé-ẹ̀rí náà ni yóò sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, bí wọ́n ṣe tẹ ìwé náà jáde, àti pé ara ẹ̀rọ náà dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ẹni tí ẹ̀rọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 2012 nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ipò gómìnà Bayelsa, pé ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde láìsí ìlànà yìí kò wúlò. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2023, síbẹ̀ abala 84 kò kúrò.

Lọ́yà ìyá ti wọṣẹ́ láti ohun tó lé l'ọ́gbọ̀n ọdún. Nígbà tó wọṣẹ́, ta ló mọ WhatsApp? Òógùn bò ó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà ò tán nínú rẹ̀: kíá ló bẹ adájọ́ pé kó jẹ́ kí òun mú ìwé náà padà kó tó sàmì sí i. Nítorí bí adájọ́ bá fi lè kọ ọ́ sára ìwé pé òun kò gbà á, ìwé náà ti kú nìyẹn nínú ẹjọ́ yẹn. Adájọ́ ṣàánú, ó sún ẹjọ́ síwájú. Gbogbo ₦540,000 ìyá wá ń mì dirodiro lórí ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ni Lọ́yà fi gba Énúgù lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ìyá fi dé ọ́fíìsì Lọ́yà. Akọ̀wé ló bá níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó jáde girama.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Lọ́yà ò sí nílé mà. Wọ́n lọ àpérò."

"Mo ti rí i. Àpérò wo? Ṣé àpérò l'ó máa bá mi gba owó mi?"

Akọ̀wé gbé àga fún ìyá, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní lọ́yà kì í kàwé tán. Òfin ìwà àwọn lọ́yà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́yà lọ gbọ́dọ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i lábẹ́ ètò Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ìyẹn NBA. Bó bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí àpérò tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, wọ́n á ka pọ́ìntì fún un. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ òfin sínú ìwé, ó lè rí pọ́ìntì níbẹ̀ náà. Èyí yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ ọdọọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ó sì yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ NBA tí ẹ máa ń rí lára ìwé ẹjọ́ láti 2015. Àpérò gbogboogbò ọdọọdún wá ni baba gbogbo wọn. L'ọ́dún 2023, Abuja ni. Ní 2024, Èkó ni. Ó wá kan Énúgù ní 2025.

Ìyá gbọ́, ó mi orí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi akọ̀wé: "Ṣé wọ́n á bi í ní ohun tó kọ́ bó bá ń bọ̀?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀ mà."

"Hẹn-ẹ́n."

Ìyá ní nígbà tí kànpáálà dóde, àwọn ìyá òun tó jẹ́ pé ewé èlú nìkan ni wọ́n mọ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po kọ́sítíìkì mọ́ háídró. Kò sẹ́ni tó ka pọ́ìntì fún wọn. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ dáadáa, aṣọ rẹ̀ á jó nínú aró, oníbàárà á sì sọ ọ́ padà sí i lójú. Aṣọ ló ń bi wọ́n léèrè.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí, àwọn Òyìnbó pàápàá ti rò ó. Minnesota l'Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan ní 1975 pé kí lọ́yà máa kàwé sí i. Ní New York, pọ́ìntì 24 ni lọ́yà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń kó jọ ní ọdún méjì méjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní kí àwọn lọ́yà tí wọ́n ń pè ní solicitor ṣe wákàtí 16 l'ọ́dún, kò sì yẹ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n pa kíka wákàtí tì. Wọ́n ní kí kálukú wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí, kó lọ kọ́ ọ, kó sì kọ ohun tó kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni ìjókòó, ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀.

Ní ti Nàìjíríà wa, ta ló gbàgbé ti Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2022? Eko Atlantic ni wọ́n ti ṣe àpérò náà. Báàgì tí wọ́n fẹ́ pín dá wàhálà sílẹ̀, gbogbo ayé sì rí i nínú fídíò bí àwọn agbẹjọ́rò ṣe ń já báàgì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí. Sir Adetokunbo Ademola, ọmọ Aláké Ademola Kejì, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí, láti 1958 títí di 1972. Ẹ fojú inú wò ó kí irú wọn máa fa báàgì!

Bí ìyá ṣe fẹ́ dìde ni ọmọbìnrin kan jáde láti yàrá kejì. Àǹtí Lọ́yà ni wọ́n ń pè é, ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Kò lọ Énúgù. Lóòótọ́, owó tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń forúkọ sílẹ̀ kéré sí ti àgbà, ṣùgbọ́n mọ́tò ò mọ ọ̀dọ́, òtẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá.

"Màmá, fóònù tẹ́ ẹ fi ń bá oníbàárà yẹn sọ̀rọ̀, ṣé ó ṣì wà?"

"Òun rèé."

"Ṣé ó bàjẹ́ rí lásìkò yẹn? Ta ló bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde? Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi ìyá ní ìbéèrè yìí rí. Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀ l'ójú òun. Ọjọ́ kẹta, ìwé-ẹ̀rí ti délẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá l'ọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyá tó fọwọ́ sí i. Ibo ló ti kọ́ ọ? Alaalẹ́ ló ń ka ẹjọ́ lórí fóònù rẹ̀, bí iná bá wà àti bí kò sí. Kò sí pọ́ìntì fún ìyẹn.

Lọ́yà dé ní oṣù kẹsàn-án. Ìyá ò jẹ́ kó jókòó kó tó béèrè ₦50,000. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn o, kò ná an. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, owó wà nínú àpò ìwé, orúkọ ìyá wà lára rẹ̀. Owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ló fi lọ. Ìyá tọrọ àforíjì, ó tún béèrè ohun tó kọ́ bọ̀. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní yàrá púpọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ l'ẹ́ẹ̀kan náà, èrò pọ̀, òun rí àwọn tí àwọn jọ jáde l'ọ́jọ́ kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti hewú. Ó wá ka ìwé tí Àǹtí Lọ́yà kọ, ó kà á l'ẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá òǹtẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí kóòtù wọlé l'óṣù kẹwàá, lọ́yà kejì tún dìde, ó tún pe abala 84. Adájọ́ ka ìwé-ẹ̀rí láti òkè délẹ̀, ó gba ìwé náà wọlé, ó sàmì sí i. Kí wọ́n tó jáde ni oníbàárà ti rán ẹnìkan wá pé kí Màmá jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá ò tíì dáhùn.

Àǹtí Lọ́yà gba àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan lọ́wọ́ ìyá, èyí tó dára jù nínú igbá. Báàgì Énúgù ńkọ́? Ìyá ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Lọ́yà, òun ló ń gbé lọ sí Ìtòkú báyìí. Ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá ràwìn sí ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bírò kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn.