Sísún Mọ́ Kò Tíì Jẹ́ Dídé

Mo ní àṣìṣe kan láti jẹ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí n fi Yorùbá ṣàlàyé bí òṣùwọ̀n ìṣeéṣe ṣe ń lọ sí òpin rẹ̀. Mo pè é ní “ìpàdé òṣùwọ̀n.” Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá pàdé, kí ló dé tí iye wọn kò bára mu?”

Kóńgò gàrí kan ni mo fi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní à ń gbé e láti Ìkẹ́rẹ́ bọ̀ ní Ọjà Ọba, ní Adó níbí. Lọ́jọ́ kìíní, ó ku kìlómítà 1 kó dé ẹnu ọjà. Lọ́jọ́ kejì, 1/2. Lọ́jọ́ kẹta, 1/3. Bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí a bá ń béèrè lójoojúmọ́ iye gàrí tí ó wà ní ẹnu ọjà gan-an, 0 ni ìdáhùn. Síbẹ̀, òpin ìrìn náà ni odidi kóńgò 1 ní ẹnu ọjà.

Ìbéèrè wa ló yẹ ká yí padà. Ká fi owó ọkọ̀ wò ó: owó tí ó ní gbèdéke, tí ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ìjìnnà ṣe ń yí, tí kì í fò lójijì. Bí gàrí bá fọ́n káàkiri, àròpín owó rẹ̀ ni a ó wò. Bí àròpín yìí bá ń sún mọ́ ti òpin, fún gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n náà ń sún mọ́ òpin nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbikíbi tí a ti lè wọn ìjìnnà.

Ewu kan wà: ẹrù lè máa jìnnà sí i láìdúró, kó sì sá lọ pátápátá. Ní 1956, Yuri Prokhorov ará Rọ́ṣíà fi hàn pé bí ẹrù kò bá sá lọ báyìí, a lè ṣa àwọn ọjọ́ kan tí òṣùwọ̀n wọn yóò sún mọ́ òpin kan.

Èkìtì kò ṣàìní onímọ̀ ìṣirò. Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì tí a bí ní 1923, di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ló kù sí wa lọ́wọ́.

Mo ti pa “ìpàdé” rẹ́. “Ìsúnmọ́” ni mo kọ rọ́pò rẹ̀. Èdè wa ti ya sísún mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára dídé. Èmi ni n kò fetí sí i.

Ó dàbọ̀.