Má Gba Gbogbo Agbára Ẹ́ńjìnnì

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, dísù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun. Òun ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń mu tí wọ́n fi ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ gba ọ̀nà Ìdíìrókò kọjá, òun ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, òun náà ló wà nínú àwọn bọ́ọ̀sì Sprinter, Transporter àti Transit tó ń pín búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá láti ìdájí. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn bọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Wọ́n ti sin Òyìnbó fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ẹni tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ ń fẹ́ kò ju méjì lọ: kí ọkọ̀ fà, kó má sì mu epo jù. Láti ọdún 2022 ni èkejì yìí ti le gan-an. Nígbà tí ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, lítà dísù kan kò tó 300 náírà. Kó tó parí, ó ti lé ní 800. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rímáàpù kò ti kúrò lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì àti ríwáyà mọ́.

Rímáàpù ni pé kí èèyàn so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ bréènì ọkọ̀, kó kó ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ jáde, kó tún un kọ, kó sì dá a padà, kí ẹ́ńjìnnì lè máa gba epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n mìíràn. Ó ṣeé ṣe nílé, nílé náà ni mo sì ti ń ṣe é. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tó dá mi lójú jù lọ nípa rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé e: agbára tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ láìlò, wọn ò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìyà ni, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìyà kì í jìnnà sí ọkọ̀ ní Ṣàngó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú bréènì náà. Láyé àwọn Mercedes 911 tí àwọn bàbá wa fi kó kòkó àti gẹdú, irin ló ń darí irin. Síkúrúdíráfà àti sípánà ni mẹkáníìkì fi ń tún pọ́ǹpù epo tò. Nígbà tó di 1997, Alfa Romeo 156 jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ common rail tí Bosch ṣe, èyí tó ń ti dísù wọ inú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ipá tó lé ní 1,300 bar. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà gbà ju 2 tàbí 2.5 bar lọ, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo ipá yẹn. Ọwọ́ èèyàn kò lè darí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bréènì ló ń ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tábìlì oníye tó kún inú rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Ó máa wo bí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ṣe wọlẹ̀ tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára tó, iye afẹ́fẹ́ tó wọlé àti bí omi inú rédíétọ̀ ṣe gbóná tó, kó tó pinnu ìwọ̀n epo tí nọ́sù yóò tú.

Àwọn tábìlì kan ń béèrè agbára, àwọn mìíràn sì ń dènà. Ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ kí èéfín má baà dúdú. Òmíràn ń dáàbò bo kíláàṣì àti gíà, òmíràn sì ń dín agbára kù bí nǹkan bá ti gbóná jù. Ẹni tó bá wo Transporter T5 yóò rí i pé ẹ́ńjìnnì lítà 1.9 ni Volkswagen tà fún àwọn kan pẹ̀lú agbára ẹṣin 86, tí wọ́n sì tà fún àwọn mìíràn pẹ̀lú 105. Irú èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn máa sọ pé ilé-iṣẹ́ ti dè wá mọ́lẹ̀, pé ká sáà tú okùn náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó fo ìdí tí wọ́n fi dè é dá.

Ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní Stuttgart tàbí Wolfsburg ní Jámánì mọ̀ pé ọkọ̀ òun yóò bá oòrùn líle pàdé, yóò bá epo tí kò mọ́ pàdé, yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ó wá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń yọ owó àjọ sọ́tọ̀ kó tó ná èrè. Tiwa ni pé gbogbo nǹkan tó tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ló pé jọ síbí. Láti 2009, imí-ọjọ́ inú dísù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Nígbà tí àjọ Public Eye ti Switzerland gbé ìwádìí rẹ̀ lórí dísù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2016, òfin Nàìjíríà ṣì gba 3,000 láàyè. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire jọ ṣèlérí pé àwọn kò ní gbà ju 50 lọ mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ra dísù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi àti ìdọ̀tí kò sí níbẹ̀. Ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Toll Gate kún un ní ọ̀sán gangan, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í fẹ́ sára rédíétọ̀, ẹ fi kòtò ojú títì kún un, ẹ sì fi ẹrù tó ju ohun tí wọ́n ní kí ọkọ̀ gbé lọ kún un. Kí èèyàn tó mú láàpútọ́ọ̀pù jáde rárá, ọkọ̀ ti ń ná owó ìpamọ́ yẹn lójoojúmọ́.

Nítorí èyí, ara ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àbúrò kan ládùúgbò wa, tó ń fi Sprinter kó ọjà lọ sí Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta, wá bá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún bréènì ọkọ̀ yìí ṣe. Kò fà mọ́ rárá, pàápàá tí mo bá di ẹrù.”

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Kò tíì pẹ́, sà. Ó tún ń yọ èéfín dúdú.”

Ọkọ̀ tó ń fà tẹ́lẹ̀ tí kò wá fà mọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú bréènì rẹ̀ kò yí padà lóru. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ híósì rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú tọ́bò lọ síbi tí wọ́n ti ń mú un tutù, mo sì rọra ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Níbì kan, ọ́ìlì ti sun jáde, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn tó ki. Mo fi àtàńpàkò tẹ ibẹ̀, rọ́bà náà lanu. Abẹ́ ló ti ya, níbi tí ojú kò lè dé. Bí tọ́bò bá ti afẹ́fẹ́ á ṣí, bí ẹ́ńjìnnì bá sinmi á padé. A pààrọ̀ híósì, ọkọ̀ sì padà sí bó ṣe wà. Ká ní epo la lọ fi kún nínú bréènì ni, afẹ́fẹ́ tí kò tó ni epo ọ̀pọ̀ yẹn ì bá bá pàdé, iná inú ẹ́ńjìnnì ì bá sì gbóná kọjá ààlà. Àlúmíníọ̀mù, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ píísítìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kò ju nǹkan bí 660 lọ lórí ìwọ̀n Celsius tó fi ń yọ́. Ọ́ìlì tó ń fọ́n sí i lábẹ́ àti ìwọ̀n epo tó tọ́ wà lára ohun tí kò jẹ́ kó yọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bréènì, kó fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Kó wo iye epo tí nọ́sù kọ̀ọ̀kan ń dá padà, kó mọ̀ bóyá kíláàṣì ń yọ̀, kó pààrọ̀ fíltà epo àti ti afẹ́fẹ́, kó sì rí i pé rédíétọ̀ kò dí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa ń gba agbára rẹ̀ padà níbí yìí, tí olówó rẹ̀ kò sì ní í nílò rímáàpù mọ́.

Bí ara ọkọ̀ bá dá ṣáṣá, ọ̀rọ̀ iná ló kàn. Nígbà tí bréènì bá ń gba ìwé tuntun, kò gbọ́dọ̀ sí ìdíwọ́. Bí bátìrì bá rẹlẹ̀ láàárín méjì, ìwé náà á já, ọkọ̀ lè má tan mọ́, ó sì lè di pé kí wọ́n tú bréènì sórí tábìlì kí wọ́n tó jí i. Kọ́kọ́rọ́ á wà ní títan fún gbogbo àkókò yìí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í ṣiṣẹ́, bátìrì nìkan ló ń dá ru ẹrù náà. Bátìrì tó kún, tó sinmi, á fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn; mo fẹ́ kí ṣájà tó dúró ṣinṣin máa gbé e sókè ju 13 lọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣájà náà kò gbọ́dọ̀ gbára lé Nẹ́pà ní tààrà, torí iná lè lọ, ó sì lè padà pẹ̀lú ipá tó ju agbára ṣájà lọ. Íńfátà tí bátìrì rẹ̀ ti kún ni mo máa ń so ó mọ́. Mo máa ń pa rédíò, ẹ́síì àti iná iwájú ọkọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù á ti gba iná tó, mi ò ní jẹ́ kó sùn, mi ò sì ní jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni kì í ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ títí màá fi sọ pé ó ti parí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Ohun tó wà nínú bréènì kí a tó fọwọ́ kàn án ni ogún ọkọ̀ náà, kò sì gbọ́dọ̀ sọnù. Mo máa ń kà á jáde lẹ́ẹ̀mejì, màá fi ọ̀kan wé èkejì. Bí wọn kò bá dọ́gba, iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Màá kọ nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà bréènì àti ọjọ́ sára orúkọ fáìlì, màá tọ́jú ẹ̀dà kan sínú fláàṣì, màá sì fi òmíràn ránṣẹ́ sínú ímeèlì. Ẹ fura sí màṣíìnì tí kì í ka ohun tó wà nínú ọkọ̀ yín gan-an, tó jẹ́ pé inú àpótí tirẹ̀ ló ti ń mú èyí tó jọ ọ́ wá. Ẹ fura sí ayédèrú màṣíìnì tí kò mọ bí a ṣe ń ṣírò iye tí bréènì fi ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, torí bréènì lè kọ̀ láti gba ìwé náà. Ẹ sì rántí pé tòkunbọ̀ lọkọ̀ yín. Ẹnìkan lè ti rímáàpù rẹ̀ ní Họ́láǹdì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára ọkọ̀, lórí 20 mìíràn tí kò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀, ń pe wàhálà wá.

Èló wá ni kí èèyàn fi kún un? Àwọn tó ń ta fáìlì máa ń sọ pé dísù oní-tọ́bò lè fi 20 sí 30 kún agbára rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láìpààrọ̀ irin kankan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí epo ti mọ́ tí títì sì dára. Fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, 10 ni mo máa ń fẹ́, n kì í sì í kọjá 15. N kì í fi ìfà púpọ̀ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yára, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti kéré, ibẹ̀ náà sì ni kíláàṣì ti ń jìyà jù. Tábìlì tó ń dín agbára kù nígbà ooru, n kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ní ti epo tí a máa fi pamọ́, ẹ má retí púpọ̀. Ọkọ̀ tó ń fà dáadáa lè mú kí gíà yíyí dínkù, èrè díẹ̀ sì wà nínú ìyẹn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá ń fi agbára tuntun náà sáré, àfikún epo ni yóò rà.

Ọ̀rọ̀ èéfín wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti onímọ́tò nìkan. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2015, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen: wọ́n ti kọ ọ́ sínú bréènì àwọn ọkọ̀ dísù kan pé bí ó bá ti mọ̀ pé àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe, kó yọ èéfín tó mọ́, bó bá sì bọ́ sójú títì, kó ṣe bó ṣe wù ú. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ lọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri àgbáyé. Kò sí irin kankan tí wọ́n yí padà lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ sínú bréènì ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹni tó bá rímáàpù ọkọ̀ nílé ń kọ irú ìwé kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò fa èéfín rẹ̀ símú. Ní 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí èéfín ọkọ̀ ti wà láti 2011. Àwọn obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì àti àgbàdo nítòsí bíríìjì Ṣàngó, ẹnu èéfín yẹn ni wọ́n jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, bí mo bá gbé ọkọ̀ jáde fún àyẹ̀wò, tí mo tẹ epo wọlẹ̀, tí èéfín dúdú sì tú jáde, mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ kò tíì dára. Màá padà sílé lọ dín in kù.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó kọ́ ọ, torí àwọn ọ̀dọ́ wa lè ṣe é, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sáà fi agbára tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á pé ẹ ti tún bréènì rẹ̀ kọ, ẹ sọ iye tí ẹ fi kún un, kí ẹ sì kó fáìlì méjèèjì lé e lọ́wọ́, ti àkọ́kọ́ àti tiyín. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye tó kù nínú ìpamọ́ ohun tó ń fowó rà.