Òwú Tútù Lórí Òfì

Èmi ni mo ba aṣọ náà jẹ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi. Òun ni mo di ẹ̀bi náà lé lórí lójú oníbàárà, ó sì ti tó àkókò kí n fi ẹnu ara mi sọ bó ṣe rí.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń hun aṣọ òkè. Ìyá kan gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá. Ó fẹ́ kí n fi òwú funfun hun ọ̀já kan, kí n fi réyọ́nì dídán tí a rẹ sínú aró hun èkejì, kí a wá rán wọn pọ̀ títí aṣọ yóò fi fẹ̀. Ìgbà òjò ni. Réyọ́nì tí mo rẹ kò tètè gbẹ, ọjọ́ ìnáwó sì ti dé tán. Mo ta á sórí òfì pẹ̀lú omi lára rẹ̀, òkúta kan náà tí mo fi ń fa òwú ni mo sì gbé lé e. Ó ń gùn sí i. Inú mi dùn, mo rò pé èrè ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ó ń rọ̀ jù o. Ẹ jẹ́ ká sá a." Mo ní kó jókòó, kó máa hun ún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló gbẹ pẹ̀lú òkúta nídìí rẹ̀.

Òjò pa wọ́n níbi ìsìnkú náà. Kí aṣọ tó gbẹ, gbogbo ọ̀já réyọ́nì ti sún kì, ti òwú ò sì sún tó bẹ́ẹ̀. Ìró tí ìyá náà tẹ́ síwájú mi rún wọ́nkiwọ̀nki látòkè délẹ̀, okùn ìránṣọ ti já níbi tí ọ̀já ti pàdé. Mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló le jù. Kò fèsì. Ọjọ́ kejì, kò wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ ló jẹ́ kí n rí ohun tí mo ṣe. Ó fi fọ́nrán méjèèjì sábẹ́ maikirosíkóòpù: ti òwú rí pẹlẹbẹ, ó ń lọ́ bíi ríbọ́ọ̀nù, ti réyọ́nì rí gbọọrọ, ó ní ìlà lára. Sẹ́lúlóòsì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì inú òwú gùn, ègé rẹ̀ lè tó 10,000, wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ń lọ́ yí fọ́nrán ká. Igi ni wọ́n sábà máa ń yọ́ nínú kẹ́míkà láti fi ṣe réyọ́nì, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Cross, Bevan àti Beadle rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1892. Yíyọ́ yẹn ti gé ẹ̀wọ̀n náà kù sí ègé ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ìtò rẹ̀ sì ti dàrú. Omi rí àyè wọ àárín wọn, wọ́n dẹ ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú, wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn. Omi máa ń fi kún agbára òwú. Ó ń gba bí ìdajì agbára réyọ́nì. Èyí tó bá sì gbẹ níbi tí a ti nà án, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí omi yóò fi tún kàn án láìsí ẹrù nídìí rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò sún padà.

Mo lọ sílé, mo fi itọ́ ra àárín òwú réyọ́nì kan, mo fà á. Ibi tó tutù ló já. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí òwú, ibi gbígbẹ ló já. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ọdún tí mo ti wà lórí òfì, mi ò dán an wò rí, ẹni tó sì fọwọ́ kan án tó mọ̀, mo pa á lẹ́nu mọ́.

Mo fi owó ara mi ra òwú, mo hun òmíràn fún gbogbo ẹbí náà. Mo lọ bá bàbá ọmọ náà nílé, mo tọrọ àforíjì lójú àwọn méjèèjì. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́dọ̀ ahunṣọ mìíràn, kò sì padà. Ìyá oníbàárà nìkan ló kù. Lọ́jọ́ tí mo gbé aṣọ tuntun fún un, ó tún sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà láìdáa, mo sì dákẹ́. Mọ́mì, ọwọ́ ọmọ yẹn ò le. Ó kìlọ̀ fún mi.