Ìdí Tí Ó Fi Ń Jẹ́ Dàwọ̀nmú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí léèrè ìdí tí ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ Òkun sí fi ń jẹ́ Dàwọ̀nmú. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ apẹja ni. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọdún 1994, Nàìjíríà gbá ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bulgaria ni wọ́n kojú ní ìlú Dallas. Ó ti kọjá agogo méjìlá òru ní Ayewa. Rédíò ni èmi àti bàbá mi tẹ́tí sí. Ní ìṣẹ́jú 21, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje náà wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó rí àwòrán rẹ̀: ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó dì í mú gírígírí, ó ń ké, ó ń sunkún. Góòlù mẹ́ta sódo ni a fi nà wọ́n. (Bulgaria yìí kan náà ló parí ìdíje ní ipò kẹrin, a kò na ọ̀lẹ.)

Bàbá mi wo àwòrán náà, ó fi ọ̀rọ̀ ilé wa kan pe irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Yekini kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ọdún 2012. Bàbá mi ti lọ ṣáájú rẹ̀. Mo ti béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà ní Kabba, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi ṣì ṣófo. Òun ni mo fi í sílẹ̀ dè.