Ìbọn Àlòkù àti Ọ̀ṣọ́ Ẹnu Rẹ̀

Àbúrò mi, fa àpótí sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí ìdúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó ti pẹ́ ní Houston débi pé Yorùbá ti ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá, ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní àárọ̀ Sátidé kan, bí mo ṣe ti ọjà Mile 12 dé, tí mo jókòó sẹ́yìnkùlé ní Kétu, tí mò ń ṣa tòmátì tó ti rà kúrò lára èyí tó ṣì lè wọ ìkòkò. Ẹni tó to apẹ̀rẹ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: gbogbo èyí tó pọ́n tó sì le ló wà lókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi lójú ọjà, gbogbo èyí tó ti di omi ló sá pamọ́ sísàlẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi sì sanwó rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Mo nu ọwọ́, mo gbé gíláàsì sójú. Ìbọn ni mo rí. Ìbọn ìléwọ́ dúdú kan ló wà lórí aṣọ ìnura funfun, ọ̀pá ìbọn mẹ́ta tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹja gbígbẹ lórí àtẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ní nǹkan kan lẹ́nu tó dà bí fèrè tí wọ́n lu ní ihò mẹ́ta lórí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin lọmọ ọdẹ tó kù nínú ilé wa. Àlòkù ni, wọ́n fẹ́ tà á fún mi. Ṣé kí n rà á?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìbọn tí bàbá mi gbé títí ó fi re ibi àgbà ń rè, ṣakabùlà ni: ẹnu ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ìyókù di ọwọ́ Ògún. Èyí tó wà nínú àwòrán, Glock 34 ni, àwọn ará Austria ló ṣe é, 1998 ló jáde, àwọn tó ń fi ìbọn díje ni wọ́n sì ṣe é fún. Kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ọ̀rọ̀ àlòkù sì rèé, ọ̀rọ̀ àkísà ni. Mo ní kó fún mi láyè ọjọ́ mélòó kan.

Kí o tó máa fojú burúkú wo ọmọ náà, mọ̀ pé òfin gbà á láyè níbi tó wà. Nílé níbí ni kò ti rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, àní èyí tí wọ́n ń fi òkúta tan iná ẹ̀tù rẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n dárúkọ òun náà sínú ìwé. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yìí má ṣe gbèrò àtidì í sínú àpótí aṣọ wálé ní Kérésìmesì.

Ní ọ̀hún, eré ni. Ní 1976, àwọn kan kóra jọ sí ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, Jeff Cooper ṣíwájú wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IPSC sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, USPSA, tẹ̀lé e ní 1984. Àgbàlagbà ènìyàn á wọ ṣòkòtò penpe, á di ìgbànú, á máa sáré láti ẹ̀yìn pátákó kan dé ẹ̀yìn òmíràn, á máa yìnbọn lu páálí, ẹnìkan á máa tẹ̀lé e pẹ̀lú aago lọ́wọ́, nígbà tó bá sì parí, wọ́n á kó máàkì tó gbà jọ, wọ́n á pín in sí iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò. Páálí o, àbúrò mi. Kò sí ẹtu, kò sí ìgalà, kò sí itan ẹran tí yóò gbé fún ìyàwó nígbà tó bá délé. Bàbá mi, tó bá yin ẹ̀tù kan ṣòfò nínú igbó, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé àwọn kan ń yin igba ọta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo sára páálí, tí wọ́n tún ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n yìn ín, yóò ní kí wọ́n lọ pe babaláwo wá.

Jẹ́ ká padà sórí ọ̀pá mẹ́ta. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ọmọ náà kò kan irin rárá. Mo ní, kí ni olówó rẹ̀ ń wá? Nítorí kò sẹ́ni tí í ra èkejì nígbà tí èkíní bá ń ṣe ohun tó fẹ́. Bí o bá dé ilé ìdáná obìnrin kan tí o bá sítóòfù mẹ́ta níbẹ̀, má wulẹ̀ rò pé oúnjẹ sísè ló wù ú. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń já a kulẹ̀.

Èsì tó fún mi mọ́gbọ́n dání lápá kan. Inú ọ̀pá tí Glock fúnra wọn ń ṣe kì í ní ìlà tójú rẹ̀ mú bíi ti ìbọn mìíràn, ìlà tirẹ̀ máa ń rọ̀ létí ni, òjé lásán tí kò wọ ẹ̀wù bàbà sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ẹni tó bá ń rọ ọta òjé fúnra rẹ̀ kí owó má baà pa á, a máa ra ọ̀pá mìíràn. Ìyẹn, ahun tó gbọ́n ni, mo sì fẹ́ràn ahun tó gbọ́n. Ọ̀pá kẹta ló mú mi fura, èyí tó gùn díẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ìgò kí wọ́n lè yí fèrè oníhò náà mọ́ ọn. Compensator ni wọ́n ń pe fèrè ọ̀hún. Bí ìbọn bá dún, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti ọta jáde á gba ojú ihò yẹn tú sókè, bó ṣe ń tú sókè ni yóò máa tẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀, kí ẹnu náà má baà ta sókè bí orí ewúrẹ́ tó gbọ́ ìró ọ̀bẹ, kí olówó rẹ̀ lè tètè yin èkejì. Ọgbọ́n ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irin. Bí ẹ̀tù inú ọta kò bá pọ̀, ẹrù lásán lo so mọ́ ìbọn lẹ́nu.

Èyí ló mú mi rántí alùpùpù mi. Ọdún FESTAC ni, 1977, mo wà lọ́mọkùnrin, mo ra Honda àlòkù kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìkòsí. Ó ti yọ sáìléńsà tó bá a ti Japan wá, ó fi òmíràn tó ti lu níhò rọ́pò rẹ̀. Bó bá gbéra ní Ọjọ́ta, àwọn tó wà ní Alápẹ́rẹ̀ á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ariwo yẹn ni mo rà. Mo rántí bí mo ṣe ń ná an, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń wo táyà, tó jẹ́ pé etí mi ló ń ra ọjà. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan, bàbá náà ki àkísà bọ ẹnu sáìléńsà díẹ̀, ó ní kí n tẹ́tí, ni mo bá gbọ́ ohun tí ariwo ti ń bò mọ́lẹ̀: inú ẹ́ńjìnnì ń ró kóká-kóká bí orúnkún arúgbó. Owó oṣù mẹ́rin ni. Mo sì tún gùn ún fún ọdún kan láìyọ sáìléńsà náà, nítorí àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n mọ ìró rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà Kétu ṣe irú rẹ̀ lójú mi títí ìjọba Èkó fi kéde pé kí ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n sì ti ń kó àṣà ọ̀hún lọ sára kẹ̀kẹ́ Márúwá báyìí. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ olówó ìbọn yìí ti wá dùn mí gan-an ni pé àwọn eléré wọ̀nyí kì í kó gbogbo ènìyàn pọ̀. Ẹni tó gbé ìbọn bó ṣe ti iléeṣẹ́ jáde, ìsọ̀rí kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní Production, irú rẹ̀ ni yóò bá díje. Lọ́jọ́ tí o bá ti de fèrè oníhò mọ́ ìbọn lẹ́nu, o ti di ará Open nìyẹn, àárín àwọn tí owó ìbọn wọn kan á ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n tún ń wọn agbára ọta níbẹ̀: wọ́n á fi ìyára rẹ̀ sọ ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po, wọ́n á sì pín in sí 1,000. Ọta tó wọn 124 ní òṣùwọ̀n tiwọn, tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 136.4 ni. Ó ré kọjá 125 tí wọ́n fi ń wọlé, ṣùgbọ́n kò dé ìtòsí 165 tí USPSA ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn alágbára. Bí ọta alágbára bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò láàárín páálí, 4 ni wọ́n á kọ fún un. Ti aláìlágbára, 3. Bó bá tún yẹ̀ síwájú sí i, 2 fún alágbára, 1 péré fún aláìlágbára. Ọkùnrin tó ń ta ìbọn yìí, ọta pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń yìn. Ó wà jẹ́jẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó gbé e lọ sáàárín kìnnìún, wọ́n nà án níbẹ̀, ó sì gbà pé ọ̀pá ìbọn ló fà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi pé mẹ́ta.

Bàbá mi ra ìbọn lọ́wọ́ opó ọdẹ kan lẹ́ẹ̀kan, mo wà níbẹ̀, mo kéré. Ìdí ìbọn náà kún fún owó ẹyọ àti awọ, ó dára lójú. Bàbá mi kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀ṣọ́ náà. Omi gbígbóná ló bu sínú ọ̀pá, ó gbé e dúró, ó ń wò bóyá omi yóò rí ọ̀nà mìíràn gbà yàtọ̀ sí ihò ẹ̀tù. Kò rí. Ó kì í, ó dè é mọ́ igi, ó so okùn gígùn mọ́ ọn, ó tì mí sẹ́yìn ìrókò, ó fa okùn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìbọn dún lẹ́ẹ̀kẹta tí kò fọ́ ni bàbá tó yíjú sí obìnrin náà tó ní, èló ni?

Nítorí náà, mo kọ̀wé sí ọmọ náà. Mo ní kó mú ẹni tó mọ tinú ìbọn dání, kó rí i pé ìbọn ṣófo kí wọ́n tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gbàgbé iye ọta tí ẹni tó ń tà á bá lóun ti yìn, nítorí gbogbo ọkọ̀ àlòkù Èkó ló jẹ́ pé dókítà obìnrin kan ló ń fi wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n tan iná sínú fèrè oníhò náà: bí ọta bá ti ń fẹ̀gbẹ́ gbá a kọjá, àpá á wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọn kò dè é tọ́. Kí wọ́n wò ó bóyá ọta ń jókòó dáadáa nídìí ọ̀pá àfirọ́pò, nítorí àwọn tó ń ṣe é máa ń fún un ju ti iléeṣẹ́ lọ. Kí wọ́n wo tírígà bóyá ayùn ti kàn án, torí ẹni tó bá ń lé ìyára kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró, ìbọn tó bá sì ń dún kí ìka tó pinnu, ẹ̀bùn Èṣù ni. Lékè gbogbo rẹ̀, kó bèèrè ọ̀pá àkọ́kọ́ àti sípíríǹgì tó bá a wá. Bí wọ́n bá ní ó sọnù, kó máa lọ sílé.

Wọ́n jọ lọ sí pápá. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá oníhò sí i. Ọta mẹ́rin lọ, ìkarùn-ún há. Irin òkè kò sún dé ẹ̀yìn tán, agolo ọta dúró lójú ọ̀nà bí dáńfó tó kú sórí afárá. Olówó ìbọn ní ọta olówó pọ́ọ́kú ló fà á. Òótọ́ ló sọ, kò kàn mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń tàbùkù ni. Wọ́n wá yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n dá ọ̀pá iléeṣẹ́ àti sípíríǹgì àtilẹ̀bá padà, ọmọ náà yin ọgọ́rùn-ún ọta, kò há lẹ́ẹ̀kan. Nígbà náà ni ọkùnrin yìí kó rìsíìtì jáde, ó ń ro owó ọ̀pá pọ̀ mọ́ owó fèrè, ó ń ro owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ wa ní òun kò bá a ra ohun tó ti ná, ìbọn lòun wá rà. Wọ́n fà á títí, wọ́n fi í sílẹ̀ ní owó ìbọn lásán, pẹ̀lú ọ̀pá iléeṣẹ́ àti ti ahun. Ọkùnrin náà di fèrè oníhò rẹ̀ sínú àpò, ó sì gbé e lọ sílé bí ẹni tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà láti ilé ọkọ.

Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ti yà kí mi, pé ọmọ ọdẹ ṣì ń bí ọmọ ọdẹ.

Kò tó oṣù kan, WhatsApp tún dún. Aṣọ ìnura funfun ọjọ́sí ni, ìbọn dúdú ọjọ́sí ni. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà. Tuntun ni mo ra èyí o, kì í ṣe àlòkù." Mo gbé gíláàsì sójú. Ihò mẹ́rin ló wà lórí tiẹ̀.